Nígbà Tí Ọkàn Bá Wúwo Tí Àpò Sì Fúyẹ́

Nínú àwọn ìwé ìsọfúnni tí a ti fún yín ṣáájú, a sọ̀rọ̀ nípa omi mímu, ẹ̀fọn, àti bí a ṣe ń tún ilé tí omi wọ̀ ṣe. Ẹ̀kọ́ ti òní kò sí lára ògiri, kò sì sí nínú kànga. Inú ọkàn ló wà.

Ohun kan ló mú ká kọ ọ́. Nígbà tí a bá ń pín gàrí àti ẹ̀wà, a máa ń rí i pé àwọn kan kì í jáde wá gba nọ́ńbà. A kọ́kọ́ rò pé wọ́n ti rí oúnjẹ níbòmíràn ni. Nígbà tí a lọ wò wọ́n níbi tí wọ́n tẹ́ ẹní sí, a bá wọn ní ìdùbúlẹ̀ ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀, wọ́n kọjú sí ògiri. Kì í ṣe pé ebi kò pa wọ́n. Wọ́n ní àwọn kò rí agbára tí àwọn máa fi dìde ni. Àwọn ará ilé mìíràn sì ti ń pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Ọ̀lẹ kọ́ ni wọ́n. Àìsàn ló dé sí wọn. Àìsàn náà ní orúkọ, ó sì ní ìtọ́jú. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni.

KÍ NI ÌRẸ̀WẸ̀SÌ ỌKÀN?

Ẹni tó pàdánù ilé, ọjà tàbí èèyàn rẹ̀, dandan ni kó banú jẹ́. Ẹkún kì í ṣe àìsàn. Ìbànújẹ́ ọ̀fọ̀ máa ń dé, ó sì máa ń lọ. Èèyàn á sunkún láàárọ̀, á tún rẹ́rìn-ín nírọ̀lẹ́ nígbà tí ọmọ bá ń ṣeré. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn yàtọ̀. Bí inú èèyàn bá ń bàjẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, tàbí tí ohun tó máa ń dùn mọ́ ọn kò dùn mọ́ ọn mọ́, tó sì ń rí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó yẹ ká fura. Ẹ tún wo àwọn àmì wọ̀nyí:

• Kò rí oorun sùn, tàbí ó ń jí lóru tí oorun kò sì padà wá, tàbí kó máa sùn ṣáá.
• Oúnjẹ kò wù ú, tàbí ó ń jẹ ju bó ṣe máa ń jẹ lọ.
• Ó ń rẹ̀ ẹ́ láìṣe iṣẹ́.
• Ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé òun ló fa gbogbo rẹ̀, pé òun kò wúlò.
• Kò lè pọkàn pọ̀. Àtipinnu nǹkan kékeré pàápàá ń ṣòro fún un.
• Ó ń sọ pé ì bá sàn kí omi ti gbé òun lọ.

Nílẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ kì í sọ pé inú àwọn bàjẹ́. Wọ́n á ní orí ń gbóná, pé nǹkan ń rìn lórí àwọn bí èèrà, pé àyà ń já, pé gbogbo ara ń ro. Wọ́n á máa ra oògùn ibà léraléra. Bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá fi hàn pé kò sí ibà, tí ara kò sì yá, ẹ má kàn tún oògùn ibà rà. Ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ ìlera bí ọkàn yín ṣe rí. Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ náà lè ní àìsàn yìí, nítorí náà ẹ má ṣe sọ pé ayọ̀ ọmọ ti tó fún un.

Ẹ̀rù tó ń bà yín bí òjò bá ṣú kì í ṣe ohun ìtìjú. Ìlú Ìbàdàn kò gbàgbé omi Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, kò sì gbàgbé omíyalé ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011. Ara máa ń rántí ohun tí ojú rí. Fún ọ̀pọ̀ jù lọ èèyàn, ẹ̀rù yìí á máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá dín kù, tí kò sì jẹ́ kí ẹ lè jẹ tàbí kí ẹ lè sùn, ó ti tó ohun tí ẹ ń lọ rí òṣìṣẹ́ ìlera lé lórí.

OKÙN KAN, ORÍ MÉJÌ

Ẹ jẹ́ ká wo ìdílé kan. A kó ìtàn yìí jọ láti ara ìdílé tó ju ẹyọ kan lọ, kí ẹnikẹ́ni má bàa máa nàka sí aládùúgbò rẹ̀. Bàbá jẹ́ télọ̀, omi sì bo máṣíìnì 3 tó ní. Ìyá ń ta ata àti tòmátì. Nígbà tí omi fà, bàbá ní lọ́la ni òun máa fọ àwọn máṣíìnì náà tí òun á sì fi òróró sí wọn. Lọ́la di ọ̀sẹ̀ 3, ìpẹtà sì ti mú méjì nínú wọn. Nítorí pé kò ṣiṣẹ́, owó kò wọlé. Nítorí pé owó kò wọlé, ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ìdálẹ́bi náà kò jẹ́ kó sùn, àìsùn kò sì jẹ́ kó lè dìde láàárọ̀. Kò tún fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ owó létí òun.

Ìyàwó rẹ̀ wá lọ yá owó èlé, irú èyí tí àwọn ará ọjà ń pè ní gbọ́múléláńtàn, kò sì sọ fún un. Lọ́jọ́ tí àwọn agbowó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà níṣojú gbogbo èèyàn, ìtìjú mú ọkọ, ẹ̀rù mú ìyàwó, àwọn ọmọ sì dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Ẹ ṣàkíyèsí bó ṣe ń lọ. Àìlówó ń dá kún àìsàn, àìsàn sì ń dá kún àìlówó. Okùn kan náà ni, ó kàn ní orí méjì ni. Ìdí nìyí tí a fi kó ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ ọkàn pọ̀ sínú ẹ̀kọ́ kan. Orí yòówù tí ẹ bá tú díẹ̀, ìkejì á dẹ̀ díẹ̀.

OÚNJẸ ÀTI OORUN NI Ó ṢÁÁJÚ

Nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 19, wòlíì Èlíjà sá wọ aginjù, ó jókòó sábẹ́ igi, ó sì ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Ẹ wo ohun tí Ọlọ́run kọ́kọ́ ṣe fún un. Kò bá a wí, kò sì sọ fún un pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Ó jẹ́ kó sùn. Áńgẹ́lì jí i, ó sì fún un ní àkàrà tí a yan lórí ògúnná àti omi mímu. Ó jẹun tán, ó tún sùn. Áńgẹ́lì tún jí i, ó tún jẹun. Ẹ̀yìn èyí ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tó dé, ẹ̀yìn náà ló gbọ́ pé òun nìkan kọ́ ló kù, wọ́n sì fún un ní Èlíṣà tí yóò máa bá a rìn. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ètò yẹn: oúnjẹ àti oorun lákọ̀ọ́kọ́, iṣẹ́ tẹ̀ lé e, alábàárìn sì ṣe pàtàkì. A ń gbàdúrà pẹ̀lú yín, ṣùgbọ́n a kò ní fi àdúrà rọ́pò oúnjẹ tàbí oògùn.

Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì lè máa fún àwọn ọmọ ní oúnjẹ tirẹ̀. Ẹ má ṣe gbà fún un. Bí kò bá lè jẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ pín in sí ìgbà 4 tàbí 5. Bí gàrí nìkan ló bá wà, ẹ wá ẹ̀pà díẹ̀ kún un. Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ṣara lóore ju bíndin àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí a fi owó kan náà rà lọ.

Ní ti oorun, ẹ gbìyànjú láti máa jí ní aago kan náà lójoojúmọ́, kí ẹ sì jáde síta kí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ bà yín. Ẹ má jẹ obì lálẹ́, torí ó ń lé oorun lọ. Ọtí àti paraga lè mú oorun wá, àmọ́ oorun náà kì í tọ́jọ́, ọkàn á sì tún wúwo sí i lọ́jọ́ kejì, owó oúnjẹ á sì ti lọ.

IṢẸ́ KÉKERÉ 3 LÓJÚMỌ́

Ọ̀pọ̀ ń sọ pé, "Bí ara mi bá ti yá, màá ṣe é." Nínú àìsàn yìí, òdìkejì rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ ṣe é díẹ̀ ná, ara á máa yá tẹ̀ lé e. A ń gbà yín níyànjú kí ẹ yan iṣẹ́ 3 tí kò ná yín ní kọ́bọ̀ lójoojúmọ́:

• Ọ̀kan fún ara: ẹ wẹ̀, ẹ pààrọ̀ aṣọ, tàbí kí ẹ rìn yí ọgbà ká fún 20 ìṣẹ́jú.
• Ọ̀kan fún ilé: ẹ fọ abọ́, ẹ sá ẹní sóòrùn, ẹ kó ìwé àwọn ọmọ jọ.
• Ọ̀kan pẹ̀lú èèyàn: ẹ kí ẹni tó wà lórí ẹní kejì, ẹ bá wọn ṣa ẹ̀wà, ẹ ta ayò.

Bí iṣẹ́ kan bá tóbi jù, ẹ gé e sí wẹ́wẹ́. Télọ̀ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lè tún máṣíìnì ṣe lọ́jọ́ kan. Lọ́jọ́ kìíní, ó kàn ká ọ̀rá kúrò lórí rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kejì, ó nù ún. Lọ́jọ́ kẹta, ó fi òróró sí i. Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kejì, máṣíìnì kan tó ṣẹ́ kù ń ṣiṣẹ́, ó sì ń lẹ aṣọ iléèwé àwọn ọmọ tó wà nínú gbọ̀ngàn. Owó rẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń jí láàárọ̀ nítorí pé ẹnì kan ń retí aṣọ.

BÍ A ṢE Ń ṢÈTÒ OWÓ TÍ KÒ TÓ

Ìrònú kì í san gbèsè. Ohun tó wà nínú orí máa ń tóbi ju ohun tó wà lórí ìwé lọ, nítorí náà ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìkíní: Ẹ yan ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ àti wákàtí kan lọ́sàn-án. Ẹ má ṣe sọ̀rọ̀ owó lóru, torí òru kì í jẹ́ ká rí ojú ọ̀nà. Kí ẹni méjì jókòó sí i, kí ó má sì ju 30 ìṣẹ́jú lọ.

Ìkejì: Ẹ kọ ohun 4 sórí ìwé kan: owó tó wà lọ́wọ́, owó tó ń bọ̀, gbèsè tí ẹ jẹ, àti ohun tí ẹ ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ kò bá mọ̀wé, ẹ pe ọmọ tàbí ọ̀kan nínú wa.

Ìkẹta: Ẹ pín owó náà kí ẹ tó jáde lọ sọ́jà. Ká ní ₦10,000 ni ìdílé kan rí lọ́sẹ̀ kan. Wọ́n lè pín in báyìí: oúnjẹ ₦6,000, oògùn àti owó ọkọ̀ lọ sílé ìwòsàn ₦1,500, ọṣẹ, èédú àti omi ₦1,000, gbèsè ₦1,000, àjọ ₦500. Ẹ fi iye tiyín rọ́pò tiwa. Ẹ di ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí owó oògùn má bàa bá ata lọ.

Ìkẹrin: Ẹ má ta ilẹ̀, ẹ má ta irinṣẹ́, ẹ má sì tọwọ́ bọ ìwé kankan lọ́jọ́ tí ọkàn yín bá wúwo jù. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ rò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ lọ àgbà kan. Ẹni tó bá ń rò pé kò sọ́la mọ́ lè ta ohun tó máa jẹ lọ́la ní owó pọ́ọ́kú.

Ìkarùn-ún: Ní ti gbèsè, ẹ lọ bá ẹni tí ẹ jẹ lówó kí ó tó wá bá yín. Ẹ sọ iye tí ẹ lè san lọ́sẹ̀, kó jẹ́ iye tí ọwọ́ yín ká lóòótọ́. Ẹ má ṣe yá owó tuntun san ti àtijọ́. Kí ẹ tó gba owó èlé èyíkéyìí, ẹ bèèrè àròpọ̀ gbogbo ohun tí ẹ máa dá padà. Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀yáwó orí fóònù tó ń gba nọ́ńbà gbogbo èèyàn tó wà nínú fóònù yín. Àwọn kan ń fi nọ́ńbà wọ̀nyẹn dójú ti oníbàárà wọn. Ẹ bá alájọ yín àti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí.

Ìkẹfà: Ẹ má fi gbèsè pa mọ́ fún ara yín. Nígbà tí ìyàwó télọ̀ fi ìwé owó èlé han ọkọ rẹ̀, ọkọ bínú, ó sì sunkún. Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì jọ lọ bá àwọn agbowó. Wọn kò dá gbèsè náà nù, ṣùgbọ́n wọ́n gbà kí ó dín iye tó ń san lọ́sẹ̀ kù. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

ÌTỌ́JÚ KÌ Í ṢE TI OLÓWÓ NÌKAN

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín jù lọ, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà. Ẹ sọ gbogbo àmì tí ẹ rí, kí ẹ sì bèèrè bóyá ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ yín gba àwọn tí omi lé kúrò nílé. Fún àwọn tí àìsàn wọn kò le, ìbánisọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹni tó mọ iṣẹ́ náà àti iṣẹ́ kékeré ojoojúmọ́ lè tó. Fún àwọn mìíràn, dókítà á fún wọn ní oògùn. Amitriptyline àti fluoxetine wà lára àwọn tó ti pẹ́, owó wọn sì máa ń dín ju ti àwọn tuntun lọ. Ẹ rántí nǹkan wọ̀nyí:

• Oògùn yìí kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 6 kí ẹ tó rí ìyàtọ̀.
• Ẹ má gé e sí méjì kí ó lè pẹ́ lọ́wọ́. Télọ̀ wa ṣe bẹ́ẹ̀ kí owó lè kù, àìsàn náà sì padà dé. Bí owó kò bá tó, ẹ sọ fún dókítà. Ó lè yan èyí tó dínwó.
• Ẹ má dá a dúró fúnra yín nígbà tí ara bá ti yá. Dókítà ló máa sọ ìgbà tó yẹ, á sì dín in kù díẹ̀díẹ̀.
• Ẹ rà á níbi tí apòògùn tó níwèé àṣẹ wà, ẹ sì wo nọ́ńbà NAFDAC. Ẹ má ra oògùn oorun lọ́wọ́ àwọn tó ń polówó nínú mọ́tò.
• Ẹ sọ fún dókítà bí ẹ bá lóyún tàbí bí ẹ bá ń fún ọmọ lọ́mú.
• Ẹ tì í pa mọ́. Àlòjù rẹ̀ lè pààyàn.

Àwọn kan ń sọ fún wa pé, "Ẹ má kó mi lọ sí Aro o, orí mi kò dàrú." A gbọ́. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kì í ṣe wèrè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tún sọ ohun kan nípa Aro tó wà l'Ábẹ́òkúta. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé. Dípò tí wọ́n á fi ti aláìsàn mọ́lé, wọ́n fi í sí abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan sì ń gbé pẹ̀lú rẹ̀. Ó ń lọ gba ìtọ́jú, ó sì ń padà wá gbé láàárín àwọn èèyàn. Dókítà náà rí i pé ilé, ará àti iṣẹ́ wà lára oògùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé nínú gbọ̀ngàn kan náà báyìí lè jẹ́ irú ará bẹ́ẹ̀ fún ara yín.

BÍ ẸNÌ KAN BÁ Ń SỌ̀RỌ̀ IKÚ

Ẹ má ṣe kà á sí eré, ẹ má sì bú u. Ẹ bi í ní tààrà, ní ohùn pẹ̀lẹ́, bóyá ó ń rò ó láti pa ara rẹ̀. Bíbi í kò ní kó èrò náà sí i lórí. Ó sábà máa ń fún un láyè láti sọ ohun tó ti ń dá gbé. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ kó oògùn kòkòrò, oògùn apakú, gbogbo oògùn àti okùn kúrò nítòsí rẹ̀. Ẹ pe wá lọ́sàn-án tàbí lóru, ẹ pe 112 tó jẹ́ nọ́ńbà pàjáwìrì ní Nàìjíríà, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró de ọjọ́ Ajé, ẹ má sì dúró de owó.

FÚN Ẹ̀YIN TÓ Ń TỌ́JÚ RẸ̀

Ẹ má sọ fún un pé "gbé ara ńlẹ̀, ìwọ nìkan kọ́." Ẹ sọ pé, "Mo wà níbí, jẹ́ ká jọ jẹun." Ẹ bá a rìn lọ sílé ìwòsàn, ẹ bá a rántí oògùn. Kí ẹ̀yin náà sì sinmi: ẹ pín in láàárín ẹni méjì tàbí mẹ́ta, torí ọwọ́ kan kò gbé igbá dórí.

ÌBÉÈRÈ TÍ ÌDÍLÉ LÈ JÍRÒRÒ

1. Ta ni nínú wa tí kì í jáde wá jẹun mọ́? Ta ló máa lọ bá a lónìí?
2. Iṣẹ́ kékeré 3 wo ni ẹnì kọ̀ọ̀kan máa ṣe lọ́la?
3. Ọjọ́ wo àti aago mélòó ni a máa jókòó kọ owó wa sílẹ̀?
4. Ṣé gbèsè kan wà tí ẹnì kan ń dá gbé?
5. Níbo ni oògùn àti oògùn kòkòrò wà báyìí? Ṣé ọwọ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo lè tó wọn?

Ẹ̀yin ará wa, omi tó gba ọjọ́ kan wọlé kì í gba ọjọ́ kan gbẹ tán lára ògiri. Ọkàn náà rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ bí ẹ ṣe máa bẹ̀rẹ̀, ẹ wá sí ìdí tábìlì tí a ti ń pín oúnjẹ, kí ẹ kàn sọ pé, "Mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀." A ò ní bèèrè ìdí rẹ̀ níwájú èèyàn. A máa fún yín níjòókòó, a ó sì gbọ́ yín.